ÒÓRÙN TÓ Ń TI INÚ PÁÌPÙ JÁDE

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fẹ́ràn àwọn tó ń ṣe ìmọ́ra. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, láti Ìjerò dé Àrámọkọ títí dé Ẹ̀fọ̀n, síǹkì ìfọwọ́ wà nínú balùwẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé, ibẹ̀ ni a sì ti ń ṣe àlùwàlá. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti yọ ẹnu, imú ni yóò kọ́kọ́ dì. Kí ni a máa ń ṣe sí i? A ó fín lọ́fíńdà, a ó sun tùràrí. Ìyẹn kì í ṣe ìmọ́tótó, ìbòmọ́lẹ̀ ni.

Jábírù ọmọ Abdullāhi gbà á wá, ó sì wà nínú àkójọ hàdíìsì Muslim, pé Ànábì kọ̀ fún ẹni tó bá jẹ àlùbọ́sà tàbí áyù láti súnmọ́ mọ́sálásí, torí òórùn tó ń ni ènìyàn lára a máa ni màlááíkà lára. Bí oúnjẹ halali bá rí báyìí, kí ni ká ti wí nípa ẹ̀gbin? Lóòótọ́, òórùn páìpù kò ba omi ẹ̀rọ jẹ́, àlùwàlá náà dára. Ṣùgbọ́n ìnira ni fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

Ọ̀nà méjì ni òórùn yìí ń gbà wá. Èkíní, irun, ìdọ̀tí ọṣẹ àti itọ́ a máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù, wọn a sì jẹrà. Èkejì, omi díẹ̀ máa ń dúró níbi tí páìpù ti tẹ̀ bí ìwọ̀ lábẹ́ síǹkì. Omi yìí ni ilẹ̀kùn tó ń dínà mọ́ afẹ́fẹ́ sọkàwé. Bí a kò bá lo síǹkì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá nígbà ọyẹ́, omi náà lè gbẹ, ilẹ̀kùn a sì ṣí.

Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ní 2003, nígbà àrùn SARS, ó lé ní 300 ènìyàn tó kó o ní àwọn ilé alájà púpọ̀ Amoy Gardens ní Hong Kong. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé irú omi bẹ́ẹ̀ tó ti gbẹ nínú balùwẹ̀ wà lára ohun tó ṣeé ṣe kó ṣínà fún àrùn náà.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ yọ irun tó wà lẹ́nu ihò. Ẹ gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú páìpù tó tẹ̀ náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ sì dè é padà. Síǹkì tí a kì í lò, ẹ máa da omi sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kíyè sára o: ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde lè pa ènìyàn.

Ẹ wo omi Ìkògòsí nítòsí wa, tọ̀sán-tòru ló ń ṣàn, kò sì rùn. Ẹ̀gbin tó bá rí ibi sá pamọ́ sí ló ń rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlara àti irọ́ nínú ọkàn, jálábíà funfun kò lè bò ó.

Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ni kó kọ́kọ́ gbé korobá. Kó má dúró de ladani. Kí Ọlọ́hun fọ òde wa àti inú wa mọ́. Àmín.