Kí Ni A Jẹ Ẹni Tó Dá Wa Padà Lójú Omi?

Ọ̀rọ̀ kan ti wà láàrin ẹgbẹ́ wa láti ọdún 2024. Àwọn kan ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nípàdé, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ gbọ́ ọ létí rárá. Ọ̀rọ̀ owó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ nìyí: bí a bá bẹ ẹnì kan lọ́wẹ̀ pé kó mú wa dé ibì kan, tí a sì ṣàdéhùn owó pẹ̀lú rẹ̀, tó wá dá wa padà lójú ọ̀nà nítorí ewu tí kò ṣẹlẹ̀, ṣé a jẹ ẹ́ lówó, àbí a kò jẹ ẹ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kò le. Àwọn ọmọ tí a bí sí Ugbor mọ ẹja nínú ọbẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n nínú omi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan bi bàbá rẹ̀ bóyá inú páálí ni ẹja Títù ti ń wá. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Ìlú Benin kò sí létí òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílẹ̀ wa ń bọ Olókun gẹ́gẹ́ bí àwọn baba tiwa náà ti ṣe. A wá pinnu pé ní ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, a ó kó àwọn ọmọ lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn fa ẹja láti inú omi iyọ̀. Àgbà mẹ́rin àti ọmọ mẹ́ta ni a jẹ́. A gba ọ̀nà Orè àti Òkìtìpupa, a sì sùn ní Ìgbòkòdá mọ́jú.

Ọmọkùnrin Ìlàjẹ kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n júwe fún wa. Iṣẹ́ ẹja ni baba rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ náà ni òun náà bá dàgbà. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ mú wa pẹja nínú odò, níbi tí omi ti rọ̀. Bí ọwọ́ wa bá ti mọ́ ọn, a ó jáde sí ojú òkun díẹ̀, níbi tí a ó ṣì máa rí ilẹ̀ lẹ́yìn wa. A san ìdajì owó náà. A ní a ó san ìdajì tó kù bí a bá dé. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, “bí a bá dé”, ló di iyàn lẹ́yìn náà. Ṣé bí a bá dé òkun ni, àbí bí a bá dé ilé?

Kí a tó wọ ọkọ̀, ó wọ ẹ̀wù amúniléfòó fún àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fa okùn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde dúró nínú ọkọ̀, àní bí ẹja tó tóbi bí ewúrẹ́ bá gbé ìwọ̀. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi edé sẹ́nu ìwọ̀, bí a ṣe ń sọ òjé sílẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ omi, àti bí a ṣe ń fi ìka kan gbé okùn kí a lè mọ̀ bí ẹja bá ń tọ́ ìjẹ náà wò. Ó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọ̀sán àti òru kan, àti pé bí omi bá ń wọlé, ẹja a máa bá a wọ inú odò wá jẹun. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi fa ọ̀bọ̀kún kéékèèké mẹ́rin. Ó fi bí a ṣe ń di ẹja náà mú hàn wọ́n, nítorí pé ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún kì í bá ènìyàn ṣeré. Inú àwọn ọmọ dùn. Inú àwa àgbà kò tíì dùn tán. Òkun ni a bá wá.

A dé ìhà Ayétòrò, ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Atọ́nà wa nawọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ní ilé ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a súnmọ́ ibi tí odò ti ń bọ́ sínú òkun, ó dín eré ẹ́ńjìnì kù, ó sì gbójú sókè wo ìhà ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ ti dákẹ́. Ìkùukùu dúdú kan wà lókèèrè, ó tẹ́ bí ẹní.

Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. A ò ní lè jáde mọ́. A ó padà.”

Àgbà tó ṣáájú wa ní, “Oòrùn ń ràn lé wa lórí. Omi dákẹ́ bí omi inú àwo. Kí lo rí?”

Ó dáhùn pé, “Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni mo rí, Bàbá. Ní àsìkò yìí, ìjì máa ń ti orí ilẹ̀ wá lójijì. Bó bá bá wa lẹ́nu odò, ìgbì á máa fọ́ lu ọkọ̀, a ò sì ní ráyè yí i padà.”

“Àwa la sanwó o.”

“Ẹ sanwó lóòótọ́, Bàbá.” Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó yí ọkọ̀ padà.

Ká má purọ́, ìjì kankan kò jà níbi tí a wà. Ìkùukùu náà yà síbòmíràn. Nígbà tí a fi gúnlẹ̀, oòrùn ṣì ń ràn. Ojú ti ń kán wa, inú sì ti ń bí wa, nítorí pé owó epo ọkọ̀ láti Benin kì í ṣe owó kékeré láti ìgbà tí epo ti gbówó lórí ní ọdún 2023. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òkun ni a bá a ná, kì í ṣe odò. A kò san ìdajì tó kù. Ọmọkùnrin náà kò bá wa jà. Ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó sì ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀ bí a ti ń lọ.

Nígbà tí a dé ilé, ẹgbẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan ní ẹni tó lọ sọ́jà ra iṣu tí kò rí iṣu gbà kò gbọdọ̀ san owó iṣu. Ẹ má pe èyí ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Owó tí a fi òógùn rí ni, ẹni tó bá sì ṣèlérí gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Àwọn kejì ní kì í ṣe iṣu ni ọmọkùnrin náà ń tà. Ẹ wo dókítà. Bí aláìsàn kò bá tètè dìde, ṣé a kò ní san owó ìtọ́jú ni? Ẹ wo tíṣà. Bí ọmọ wa bá kùnà ìdánwò, ṣé owó oṣù tíṣà yóò padà wá sílé?

Àwa rò pé àwọn kejì ni wọ́n súnmọ́ òótọ́ jù. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí mímú àwọn tí kò mọ ẹja pa lọ sí etíkun ti di iṣẹ́ gidi, ìwé àṣẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó gbé èrò, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n sábà máa ń lò kì í sì í gbà ju èrò 6 tó sanwó lọ. Wákàtí ni wọ́n sábà máa ń fi díwọ̀n owó iṣẹ́ wọn, wọn kì í fi iye ẹja díwọ̀n rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ẹja. Ohun tí atọ́nà ń tà ni ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ó fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wa.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ wa ni pé ìjì kò jà. Ẹ jẹ́ ká yẹ èyí wò dáadáa. Ká ní ìjì jà lẹ́yìn tí a padà, à bá ti sanwó pé, à bá sì ti fún un ní ẹ̀bùn lé e. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọkùnrin náà ṣe kì bá tí yàtọ̀ rárá. Ojú kan náà ni ì bá fi wo òkè, ọ̀rọ̀ kan náà ni ì bá sọ, ọwọ́ kan náà ni ì bá fi yí ọkọ̀. Ìkùukùu nìkan ni ì bá yàtọ̀. Ṣé ìkùukùu ni a ń san owó fún ni? Ẹni tó bá ṣe ohun tó tọ́ pẹ̀lú ohun tó mọ̀ lásìkò náà, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ewu tí a yàgò fún kì í fi àmì sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rò pé ìṣọ́ra jẹ́ òfò.

Àwọn àgbà ní òkun tó ń hó ruru, a kì í wà á ruru. Ọ̀rọ̀ tó tún le ni òkun tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wọ́n tún ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yẹn, ọmọdé ló jókòó sídìí ẹ́ńjìnì, àwa ni a fẹ́ dìde dúró. Ẹni tó mọ omi ni àgbà lójú omi. Owó tí a san kò sọ wá di àgbà níbẹ̀.

Ẹnì kan bèèrè pé, “Bí a bá ń sanwó fún gbogbo ẹni tó bá yí padà, ṣé atọ́nà ọ̀lẹ kò ní pọ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé orí ilẹ̀ ni a ti ń yẹ atọ́nà wò, kì í ṣe ojú omi. Kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀, kí a wo ọkọ̀ rẹ̀, kí a wo bó ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Bí a bá ti wọ ọkọ̀ tán, kí a gbà á gbọ́. Kí a sì rántí pé ọmọkùnrin yìí mọ̀ pé ìdajì owó òun ṣì wà lọ́wọ́ wa nígbà tó ń yí ọkọ̀ náà. Ìmọ̀ràn tó lè ná ẹni tó gbà wá ní owó kò rọrùn láti pè ní ìmọ̀ràn ọ̀lẹ.

Ohun tó bà wá lẹ́rù jù nìyí. Owó tí a kò san jẹ́ olùkọ́. Bí a bá fi ebi pa ẹni tó dá wa padà, ohun tí a kọ́ atọ́nà tó ń bọ̀ ni pé kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn. Ní ìlú Benin tí a ń gbé yìí, ó yẹ kí a mọ irú atọ́nà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kó ọmọ ènìyàn gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, tí wọ́n sì ń tì wọ́n sínú ọkọ̀ rọ́bà lójú òkun, atọ́nà ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọn kì í sọ fún èrò pé ká padà, nítorí pé lílọ nìkan ni a ń san owó rẹ̀ fún wọn. Láti ọdún 2017 ni ọkọ̀ òfurufú ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà padà láti Líbíà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì fi àwọn tó ń ṣòwò ènìyàn gégùn-ún. Àwọn ọmọ tiwa náà ń gbọ́ ìpè wọn. Bí wọ́n bá rí i pé àwa òbí wọn kì í sanwó fún ẹni tó sọ pé rárá, ta ni wọn yóò gbọ́?

Àwa àjèjì ló sì yẹ kí a mọ iyì atọ́nà ju ẹnikẹ́ni lọ. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ní nǹkan bí ọdún 1485 tí João Afonso de Aveiro, ará Potogí, dé ilẹ̀ yìí, Ughoton ni èbúté, ó dìgbà tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ kó tó dé ààfin Ọba. Báwo ni àlejò ì bá ṣe mọ̀nà láìsí onílẹ̀ níwájú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Ugbor, àwọn ọmọ Ẹdó kan sọ fún wa pé, “Ẹ má ra ilẹ̀ yẹn, ó ní ẹjọ́ nínú.” A fetí sí wọn, a kò ra ilẹ̀ náà, nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀ sí wa. Mélòó nínú wa ló padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn? Nítorí pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, a rò pé a kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Nípàdé oṣù Keje ọdún náà, àwa mẹ́rin tí a lọ dá owó náà jọ, a sì fi ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin náà. A kò fi tipátipá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò gbà pẹ̀lú wa, àwọn kan kò sì tíì gbà títí di òní. Àgbà tó sọ pé “àwa la sanwó” ló pè é lórí fóònù, tó sì ní kó má bínú. Èsì tó fọ̀ ni pé, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé kẹ́ ẹ tó padà wá, omi á ti rọ̀ nígbà yẹn. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.”

A kò tíì padà lọ, ṣùgbọ́n a ó lọ. Bí a bá tún ń ṣàdéhùn, a ó sọ ọ́ kó yé gbogbo ènìyàn: “bí a bá dé” túmọ̀ sí bí a bá dé ilé.

Olúwa kò ní jẹ́ kí a ṣìnà lórí ilẹ̀ tàbí lójú omi. Kò ní jẹ́ kí a ṣàìní ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún wa, kò sì ní jẹ́ kí a fi owó pa á lẹ́nu mọ́. Àlọ wa yóò dára, àbọ̀ wa yóò sunwọ̀n. Àṣẹ.