Odidi Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Mo fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀, nítorí ó ń kọ́ wa pé láàrin àwọn tí wọ́n jọ gbọ́ ara wọn yé, àpọ̀jù àlàyé lè di ìwọ̀sí. Síbẹ̀, ibì kan wà tí òwe náà kò ti lè ràn wá lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: yàrá ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ kẹ́místírì àwọn ohun èlò fún oyè gíga.

Gbogbo ohun tí a ń lò, ìbáà ṣe irin, ike, amọ̀ tàbí dígí, ni àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe tò. Bí ìtò náà bá yí padà, ìwà ohun náà yóò yí padà. Kábọ́ọ̀nù ni dáyámọ́ǹdì. Kábọ́ọ̀nù náà ni ó pọ̀ jù nínú èédú tí a fi ń dáná. Ẹni tí ó gba oyè àkọ́kọ́ ti ka èyí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí, kí ó sì sọ bí òun ti ṣe é, débi pé àjèjì tí kò rí i rí yóò lè tún un ṣe. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Lójú tèmi, ọ̀ràn ìwà ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1967, ní Tokyo Institute of Technology ní ilẹ̀ Japan, àlejò kan tí ó ń bá Hideki Shirakawa ṣiṣẹ́ lo èròjà tí ń mú kí àwọn kẹ́míkà tètè ṣiṣẹ́ lára ara wọn, ṣùgbọ́n ó lò ó ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju bí ó ti yẹ lọ. Dípò lẹ́búlẹ́bú dúdú, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ń dán bí fàdákà ni ó jáde. Shirakawa kò dà á nù. Ó tọ ipasẹ̀ àṣìṣe náà títí ó fi mọ iye tí ó fà á, ó sì lè tún un ṣe nígbàkígbà. Ní ọdún 1977, òun pẹ̀lú Alan MacDiarmid àti Alan Heeger fi hàn pé bí a bá fi áyódìn kan irú ike bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé irin ni. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 2000 ni ó kẹ́yìn rẹ̀. Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Jan Hendrik Schön, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Konstanz, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìwádìí rẹ̀ ń jáde léraléra, ayé sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní ọdún 2002, wọ́n rí i pé ó ti fi àbájáde kan náà ṣe ẹ̀rí fún ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ bí ó ti yẹ, ó sì ti pa èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́. Nínú ẹ̀sùn 24 tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n dá a lẹ́bi lórí 16. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n kí òtítọ́ tó lé e bá, àwọn ẹlòmíràn ti fi ọ̀pọ̀ oṣù wá ohun tí kò sí. Ní ọdún 2004, Konstanz gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìwé tí ó fi gba oyè ni; nítorí ohun tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ó pe ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ lórí òfin ìpìlẹ̀ Jámánì, ṣùgbọ́n ní ọdún 2014 wọn kò dá a láre. Èyí fi hàn pé ẹ̀jẹ́ ni oyè ọ̀mọ̀wé: ẹni tí ó gbà á ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àjèjì lè gbára lé ọ̀rọ̀ òun.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé àwọn baba wa tí wọ́n pa ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ sínú agboolé ṣe ibi ni? Rárá o. Ìmọ̀ náà ni oko wọn, ẹni tí ó sìn tọkàntọkàn ni wọ́n sì ń fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Abídèmí Babalọlá àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àwókù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ kan ti rò pé òkè òkun ni gbogbo dígí wọ̀nyí ti wá. Àyẹ̀wò kẹ́místírì ni ó jẹ́rìí pé èròjà inú wọn yàtọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá: àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ṣe é, kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ti lọ, àwókù ìkòkò ni à ń bi léèrè. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í kú nítorí àṣírí nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kú, àṣírí rẹ̀ a máa bá a wọ sàréè.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tí ó jókòó tì wá, tí ó mọ ìtàn wa, tí ó sì ń wo ojú wa, ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tọ́ sí. Ọmọ tí a kò tíì bí kò sí níbẹ̀ láti wo ojú wa. Òun náà ní ẹ̀tọ́ sí òtítọ́, odidi ọ̀rọ̀ sì ni ọ̀wọ̀ tí a lè bù fún un.

Kò rọrùn. Owó ẹ̀kọ́ ń tán lọ, olùkọ́ ń béèrè àbájáde, ẹgbẹ́ ẹni ti gba oyè lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbìyànjú nígbà ogún, tí ọ̀kan ṣoṣo sì yọrí sí rere, yóò fẹ́ kọ ọ̀kan náà, kí ó gbàgbé mọ́kàndínlógún. Síbẹ̀, mọ́kàndínlógún yẹn ni yóò gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ òfò. Kí ó kọ wọ́n gbogbo. Kí ó kọ ọ́ pé ní òru ọjọ́ kẹta iná mànàmáná lọ, ìléru tutù, ohun tí òun ń wá kò sì jáde.