Ẹni Kẹtàdínlógún: Ọ̀ṣẹ́túrá àti Àtòjọ Orin Ìparí Ọdún

Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ Àkókó bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó àti Àbújá wálé ọdún, iyàn orin kì í tán ní Ògbàgì, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà. Àsìkò yẹn náà ni àwọn lámèyítọ́ orin máa ń gbé àtòjọ wọn jáde: àwo 50 tó dára jù lọ, orin 100 tó ta yọ lọ́dún. Ìbínú a sì tẹ̀ lé e. Kí ló dé tí Asake fi wà lẹ́yìn? Ta ló ní kí wọ́n fi Burna Boy ṣáájú Wizkid? Irú ariwo bẹ́ẹ̀ ló sọ ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Tyla, ọmọ South Africa, gba ẹ̀bùn Grammy tuntun fún orin Áfíríkà mọ́ Burna Boy, Davido, Ayra Starr, àti Asake pẹ̀lú Olamide lọ́wọ́.

Ipò ni gbogbo wọn ń bínú lé lórí. Ìbéèrè tí Ifá ń bi ni jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, inú odù Ọ̀ṣẹ́túrá ló sì wà.

Àwọn babaláwo máa ń sọ nínú odù yìí pé irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá tún ayé ṣe. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin àárín wọn. Wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Ọ̀pá, wọ́n ń gbìmọ̀ lójoojúmọ́, wọn kò sì pe Ọ̀ṣun sí i. Ni ayé bá dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Ara aláìsàn kò yá. Ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé kì í lójú. Nígbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, kò bá wọn sọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó ṣe olórí. Ọ̀rọ̀ ẹni kẹtàdínlógún ló béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Oyún tó wà nínú Ọ̀ṣun nígbà náà ló di Ọ̀ṣẹ́túrá, òun ló sì gbé ẹbọ wọn dé òde ọ̀run.

Ifá kò kórìíra kí a to nǹkan ní ipò-ipò o. Èjì Ogbè ni olórí odù, Ọ̀fún Méjì ló kẹ́yìn àwọn mẹ́rìndínlógún, síbẹ̀, bí Ọ̀fún bá yọ lójú ọpọ́n, “Hẹ̀ẹ́pà!” ni awo fi ń kí i. Bí wọ́n ṣe ń to odù ní Ifẹ̀ pàápàá kò bá ti àwọn ibòmíràn mu délẹ̀délẹ̀. Ọ̀ṣẹ́túrá ńkọ́? Kò sí nínú ojú odù mẹ́rìndínlógún yẹn rárá, àmúlù ni, ṣùgbọ́n babaláwo kì í rúbọ kó má tẹ̀ ẹ́ sójú ọpọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àtòjọ orin rí. Ẹ wo ọ̀ràn Sunny Adé, olórin jùjú, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó. Ní 1982, àwọn lámèyítọ́ tó dìbò fún ìwé ìròyìn Village Voice ní New York fi àwo rẹ̀, Juju Music, sí ipò kẹrin nínú àwo ọdún náà, ẹ̀yìn Bruce Springsteen gẹ́lẹ́. Iyì ńlá ni. Àmọ́ láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni Sunny ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù nílé, tí àwọn èèyàn ń fi í ṣe ìkómọ, tí wọ́n ń fi í sin òkú àgbà. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Island Records ló gbé Juju Music dé etí àwọn adìbò yẹn. Nígbà tí àjọṣe náà parí lẹ́yìn àwo Aura ti 1984, Sunny kò dákẹ́ nílé.

Ní 2020, ìwé ìròyìn Rolling Stone pe adìbò tó lé ní 300 láti yan àwo 500 tó ga jù lọ. Fẹlá wọlé, Sunny Adé wọlé. Ṣadé Adú, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, wọlé pẹ̀lú orin Gẹ̀ẹ́sì. Sàláwà Àbẹ̀ní, tó ti ń ṣe àwo wákà láti 1976, kò sí níbẹ̀. Comfort Ọmọgè, tó gbé àsíkò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sínú àwo, kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dunni ju ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe ìkíní tàbí ìkejì lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè dìbò fún ohùn tí kò gbọ́ rí.

Nílé náà, TurnTable tó wà l'Ékòó ti ń ṣírò orin láti 2020: iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n orin tí kò bá tíì wọnú àwo kò lè wọnú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún kò pàdánù ipò wọn nínú ìtàn yẹn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ bá Ọ̀ṣun. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò kọjá agbára ilé iṣẹ́ rédíò OSRC ní Àkúrẹ́ tàbí Adaba FM, kò sì jìnnà sí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin tó wà ní Àkùngbá, nítòsí Ìkàrẹ́. Kí wọ́n tó to àtòjọ tiwọn, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn obìnrin tó ń dá orin ọdún ìbílẹ̀ ní Ògbàgì, kí wọ́n sanwó orin fún wọn, kí wọ́n sì gbé e sáfẹ́fẹ́ kí oṣù Ọ̀pẹ tó ń bọ̀ tó wọlé.