Ta Ni Ó Ni Orin?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù olùkọ́ ronú lé lórí: bí ẹnì kan bá gba orin lẹ́nu ẹlòmíràn, tí ó sì bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i, ǹjẹ́ orin náà ti di tirẹ̀ nìkan?

Ẹ jẹ́ kí a fi orin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1927, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin adúláwọ̀ kan, Blind Willie Johnson, kọ orin “Nobody's Fault but Mine” sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Columbia. Gìtá nìkan ni ó fi gbe ohùn rẹ̀. Kókó orin náà ni pé àwọn ará ilé òun ti kọ́ òun ní ìwé kíkà. Bí òun kò bá ka Bíbélì, tí ọkàn òun sì ṣègbé, ẹ̀bi òun ni. Afọ́jú ni Johnson. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó lẹ́nu ẹni tí kò ríran! Ní 1945, ó kú nínú òṣì ní Beaumont, ní ìpínlẹ̀ Texas.

Orin náà kò bá a kú. Nina Simone gbé e jáde pẹ̀lú dùùrù ní 1969. Ní 1976, Led Zeppelin, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé tiwọn jáde nínú àwo Presence. Gìtá oníná ń bú ramúramù, ìlù ń dún kíkankíkan, ṣùgbọ́n Bíbélì kò sí nínú orin náà mọ́. Orúkọ Jimmy Page àti Robert Plant nìkan ni a sì kọ sára àwo gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é.

Ẹlòmíràn lè wí pé ẹnu dé ẹnu ni orin ti ń rìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àti pé Johnson pàápàá gbọ́ orin lẹ́nu àwọn ará ìjọ kí ó tó kọrin. Òtítọ́ ni. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ó yí orin padà. Orin tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn mọ́ ti ń kú lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a tún ohun ṣe, ọ̀tọ̀ ni kí a pa orúkọ ẹni tí ó fún wa mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Owó kò lè dé ọwọ́ òkú mọ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò pẹ́ jù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ojoojúmọ́ ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin àti àlọ́ tí a gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí a bá mọ orísun wọn, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Bí a bá mọ̀ ọ́n tí a dákẹ́, kí a má ṣe wá ẹni tí a óò di ẹ̀bi rù.