Òpó fún Opó

Ibi kíkà wa ni Ẹ́kísódù 17:8-13.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Agbowó, Bódìjà àti Ring Road kò fẹ̀. Bí a bá gbin àmúnútutù tàbí ugu síbẹ̀, tí a fi í sílẹ̀ kí ó máa fà nílẹ̀, òjò a ta ẹrẹ̀ sí i lára, ìgbín a jẹ ẹ́, ewé ìsàlẹ̀ a sì jẹrà. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé igi fún un.

Iṣẹ́ náà kò le. A ó rì ọparun méjì tí ó ga ju ènìyàn lọ sínú ihò ẹsẹ̀ bàtà 2, kí àyè ẹsẹ̀ bàtà 6 wà láàárín wọn. A ó di ẹ̀kẹta lé wọn lórí ní ìbú, a ó sì ta okùn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kí ìtàkùn tó fà ni a ń rì òpó. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù lè já gbòǹgbò rẹ̀. Àkísà aṣọ ni a fi ń so ó, kí ó sì dẹ̀, nítorí ìtàkùn ń sanra sí i. Ìdè tí ó bá le yóò gé e.

Nígbà tí ọwọ́ Mósè wúwo, Árónì àti Húrì kò bá a wí. Wọ́n gbé òkúta fún un láti fi jókòó, ọ̀kan dúró ní ìhà kan, èkejì ní ìhà kejì, wọ́n sì gbé ọwọ́ rẹ̀ ró títí oòrùn fi wọ̀.

Ní 1742, ní Bristol, nítorí gbèsè ilé ìsìn, a pín àwọn ọmọ ìjọ sí ọ̀wọ́ ènìyàn bí 12, kí olórí kọ̀ọ̀kan máa gba pẹ́nì kan lọ́wọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn olórí ti ń wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n rí bí olúkúlùkù ti ń gbé. John Wesley rí i pé èyí níye lórí ju owó náà lọ. Ibẹ̀ ni kíláàsì wa ti ṣẹ̀.

Àwa ńkọ́? Bí ọkọ arábìnrin wa bá kú, a ń dáwó, a ń kọrin, a ń wọ aṣọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ńkọ́, nígbà tí onílé bá dé, tí àwọn ẹbí ọkọ sì ń pín ẹrù? Ìgbà náà gan-an ni opó ń wá òpó. Bí a bá sì ràn án lọ́wọ́ tán, tí gbogbo ìpàdé gbọ́ ọ, ìdè tí ó le nìyẹn.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù obìnrin inú ẹgbẹ́ wa ti mọ àwọn méjì tí yóò dúró tì í, kí ọjọ́ ọ̀fọ̀ tó dé. Kí wọ́n máa dé ilé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n mọ ìgbà tí owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ pé, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́.

Kí Ọlọ́run, Olùgbèjà àwọn opó, fún ọwọ́ wa ní agbára títí oòrùn yóò fi wọ̀. Àmín.