SÁKÉÙ ÀTI ODÒ TÍ A BÀJẸ́



Nígbà tí Olúwa wa Jésù Krístì wọ ilé Sákéù ní Jẹ́ríkò, Sákéù kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹkún àti ìkẹ́dùn. Ó dìde dúró, ó fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, ó sì ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni tí òun bá ti rẹ́ jẹ, òun yóò san án padà fún un ní ìlọ́po mẹ́rin (Lúùkù 19). Nígbà náà ni Olúwa kéde pé ìgbàlà ti wọ ilé náà. Ohun tí Ìjọ Mímọ́ fi èyí kọ́ wa ni pé ẹni tí ó jí nǹkan gbọ́dọ̀ dá a padà, ẹni tí ó sì ba nǹkan jẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe bí agbára rẹ̀ ti tó. Àánú Ọlọ́run ń nu ẹ̀ṣẹ̀ nù, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ àtúnṣe kúrò lọ́wọ́ wa.

Gbogbo wa mọ̀ pé òfin yìí kan owó àti ilẹ̀ àti orúkọ rere ọmọnìkejì. Ṣé ó kan odò pẹ̀lú? Ní ọdún 2015, Póòpù Fránsísì, ẹni tí Ọlọ́run pè sọ́dọ̀ ní ọdún 2025, kọ ìwé Laudato Si' sí gbogbo ayé. Nínú rẹ̀ ni ó ti rán wa létí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ṣẹ̀ sí ohun tí Ọlọ́run dá, a ṣẹ̀ ẹ́ sí ara wa, a sì ṣẹ̀ ẹ́ sí Ọlọ́run. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, a jẹ́ pé ó ní àtúnṣe tirẹ̀. Ìtàn ẹran odò kékeré kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni n óò fi là á yé yín.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹran odò náà ní mussel; ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ìkarahun odò. Kò rí bí ìṣáwùrú tí ìkarahun rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Tirẹ̀ jẹ́ méjì, wọ́n sì pàdé bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ń gbàdúrà. Ó rì sínú iyanrìn ní ìsàlẹ̀ odò. Kò ní ohùn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní ibi tí ó wà. Síbẹ̀ iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ó ń fa omi sínú, ó sì ń sẹ́ ẹ bí obìnrin ti ń sẹ́ ògì: ó jẹ èyí tí ó lè jẹ, ó kó ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí jọ sí ìsàlẹ̀, ó sì tú omi tí ó mọ́ jáde. Ẹyọ kan tí ó ti dàgbà lè sẹ́ omi tí ó tó lítà 40 ní ọjọ́ kan. Ẹ wá ro ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò kan ṣoṣo, tí wọ́n ń fọ omi tọ̀sán tòru. Ẹnikẹ́ni kò háyà wọn. Ọlọ́run ni ó fi wọ́n síbẹ̀ fún ire ẹja, ire ẹran, àti ire ènìyàn.

Ní ọdún 1891, ọkùnrin ará Jámánì kan tí ń jẹ́ John Boepple bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkarahun wọn ṣe bọ́tìnnì aṣọ ní ìlú Muscatine, lẹ́bàá odò Mississippi. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 1905, bọ́tìnnì tí ó tó bílíọ̀nù 1.5 ni a ṣe ní ìlú náà. Ṣíṣe bọ́tìnnì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n wọ́n kó, wọ́n kó, wọn kò fi èyí tí yóò bí sí i sílẹ̀ tó. A sì tún mọ ìsédò ńláńlá, èyí tí a ń pè ní dáàmù, sí ojú ọ̀pọ̀ odò; a da ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ àti ti oko sínú omi. Nínú nǹkan bí oríṣi 300 tí ó wà ní Àríwá Amẹ́ríkà, èyí tí ó pọ̀ jù wà nínú ewu, àwọn mìíràn sì ti run pátápátá.

Ẹ kíyèsí ti odò Susquehanna, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ọmọ ìkarahun odò kò lè dá dàgbà. Bí ìyá rẹ̀ bá ti tú u sínú omi, ó gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ ẹja, ní ibi tí ẹja fi ń mí, kí ẹja gbé e kiri fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó já bọ́ sí ìsàlẹ̀ odò láti máa dá gbé. Irú kan tí ó pọ̀ ní Susquehanna gbára lé ẹja gígùn kan tí ó dà bí ejò, tí wọ́n ń pè ní eel. Inú òkun Atlantic ni a ti ń bí ẹja yìí, odò ni ó sì ń gùn wá láti dàgbà. Ní ọdún 1928, a parí ìsédò Conowingo, ọ̀nà sì dí mọ́ ẹja náà. Àwọn àgbà ìkarahun ṣì wà láàyè ní òkè odò, nítorí ẹ̀mí wọn ń gùn. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò wí pé kò sí ohun tí ó ṣe odò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń darúgbó láìsí ọmọ tí yóò rọ́pò wọn. Odò ti yàgàn, ojú kò sì rí i.

Nígbà tí a wá mọ ìdí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ ẹja náà ní ìsàlẹ̀ ìsédò, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí òkè odò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún wọn. Lẹ́yìn èyí ni a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ ìkarahun.

Ẹ gbọ́ ti odò mìíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1998, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó gbé kẹ́míkà dojú dé lẹ́bàá odò Clinch ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ohun tí ó dà sínú omi pa ìkarahun odò bí 7,000, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ irú tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Jàm̀bá ni. Síbẹ̀ ilé iṣẹ́ tí ọ̀ràn náà kàn san owó àtúnṣe. A fi owó náà tọ́ ọmọ ìkarahun nínú agbada omi, a jẹ́ kí wọ́n rọ̀ mọ́ ẹja, a bọ́ wọn títí wọ́n fi lágbára, a sì kó wọn padà sínú odò. Ìparun dé lójijì; ọ̀pọ̀ ọdún ni àtúnṣe gbà.

Báyìí náà ni ọ̀ràn ọkàn wa rí. Kátíkísímù kọ́ wa pé ẹni tí ó ronúpìwàdà ní ohun mẹ́ta láti ṣe: kí ó kẹ́dùn ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí ó jẹ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì ṣe àtúnṣe. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún, nítorí pé ó ń náni lówó, ó ń gba àkókò, kì í sì í mú ìyìn wá. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí ní Susquehanna, ẹni tí ó bá fi ìdènà sílẹ̀ láìṣí ọ̀nà lè máa wo ara rẹ̀ bí ẹni pé ó wà láàyè, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti yàgàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn kan wà tí wọ́n ń da oògùn tí a fi ń pa kòkòrò oko sínú odò láti fi pa ẹja. Àtẹja ńlá àtọmọ ẹja ni ó ń kú, àwọn ọmọnìkejì wọn ní ìsàlẹ̀ odò a sì bu omi náà mu. Àwọn mìíràn ń da òróró mọ́tò àti ọ̀rá sínú gọ́tà, òjò a sì gbé e lọ sódò. Bí ìwọ bá ti ṣe irú èyí, má ṣe wí pé odò kò ní ẹnu láti fi ẹjọ́ sùn. Jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àlùfáà. Má sì ṣe dúró níbẹ̀. Jáwọ́ nínú rẹ̀, kìlọ̀ fún ẹni tí o kọ́ ní iṣẹ́ náà, kí o sì bá àwọn tí ń gbá etí odò jáde. Ẹni tí omi rẹ ti ṣe ní ibi, bẹ̀ ẹ́, kí o sì ràn án lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè wí pé, "Fádà, odò tóbi, kí ni iṣẹ́ ẹnì kan lè ṣe?" Ẹ padà wo ìkarahun odò. Kò lè fọ gbogbo odò. Omi tí ó bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó ń fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run kò ní béèrè gbogbo odò ayé lọ́wọ́ rẹ. Èyí tí ó gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá ni yóò béèrè.

Àwọn baba wa wí pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí wà, àyè àtúnṣe ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí a dìde bí Sákéù lónìí, kí ìgbàlà lè wọ ilé wa.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún yín, Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.