Ta Ni Ó Ni Ìmọ̀?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù ẹni tí ó mọ̀wé máa bi ara rẹ̀: ìmọ̀ tí a ní yìí, ta ni ó ni ín? Bí ènìyàn bá fi òógùn ojú rẹ̀ ra oko, a kì í bá a jiyàn pé tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ wa ti ní in kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí ó kọ́ òun náà sì ti ní in ṣáájú rẹ̀. Àwọn baba wa wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni a fi ń gbọ́n, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a tì í mọ́ inú àpótí bí ẹni pé tiwa nìkan ni? Ẹ jẹ́ kí a fi ìgbé ayé ọkùnrin kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, èyíinì ni Thomas Linacre, oníṣègùn ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

A bí Linacre ní nǹkan bí ọdún 1460. Ó kàwé ní Oxford, a sì gbà á sí àárín àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì All Souls ní 1484. Ní àkókò náà, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń wá ìwé àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ìgbàanì kiri, bí ẹni tí ń wú ìṣúra jáde nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ èdè Gíríìkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó nǹkan. Linacre kò jókòó kí ó máa ráhùn. Ní nǹkan bí ọdún 1487 ó kọjá sí Ítálì. Ní Florence, ó kọ́ Gíríìkì lọ́dọ̀ Demetrius Chalcondyles, tí í ṣe ọmọ Gíríìkì gan-an. Ní Padua, ó gba oyè oníṣègùn ní 1496.

Nígbà tí ó padà dé ilé, ó fi Gíríìkì kọ́ àwọn ẹlòmíràn, Thomas More sì wà lára wọn. Nígbà tí Henry VIII jọba ní 1509, Linacre di oníṣègùn rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ti wí pé ọwọ́ òun ti tẹ ohun tí òun ń wá. Ṣùgbọ́n òun rí i pé àwọn oníṣègùn ń lo ìwé Galen, oníṣègùn Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ní ìtumọ̀ tí kò gún. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ti gba inú èdè Lárúbáwá kọjá kí wọ́n tó di Látìnì, bí iṣẹ́ tí a rán tí ó gba ẹnu ènìyàn púpọ̀ kọjá. Linacre padà sí orísun. Ó tú ìwé Galen lórí ìtọ́jú ìlera sí Látìnì ní 1517, ó sì tú èyí tí ó wà lórí ọ̀nà ìwòsàn ní 1519.

Ní 1518, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Wolsey, ó gba ìwé àṣẹ ọba láti dá Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ìṣègùn ní ìlú náà àti ní máìlì méje yí i ká láìjẹ́ pé a ti dán an wò. Ṣáájú èyí, alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ pàápàá a máa pe ara wọn ní oníṣègùn. Ilé Linacre fúnra rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti ń pàdé, òun sì ni olórí rẹ̀ títí ó fi kú ní 1524.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé kì í ṣe pé ó tún sé ìmọ̀ mọ́ ni? Ènìyàn mẹ́fà péré ni ìwé àṣẹ náà dárúkọ. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ láti gbé yẹ̀ wò. Ọgbà tí a fi ń dáàbò bo oko lè di èyí tí a fi ń lé aláìní sẹ́yìn. Ohun tí ó ń ya ọgbà rere sọ́tọ̀ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Linacre fi owó sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Oxford àti ní Cambridge, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi wọlé.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí ó kan àwa olùkọ́ jù gbogbo rẹ̀ lọ. Linacre kọ ìwé gírámà Látìnì kan fún ilé ẹ̀kọ́ tí John Colet, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Colet rí i pé ó le jù fún àwọn ọmọ, kò sì lò ó. Ó dun Linacre gidigidi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó ti gbé oúnjẹ sórí pẹpẹ, ó sì rò pé òun ti fún ọmọ ní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní 1523, nígbà tí ó ti di arúgbó, a fi í ṣe olùkọ́ Mary, ọmọbìnrin ọba, ọmọ ọdún méje. Ó tún mú kálámù, ó kọ gírámà Látìnì fún un, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ náà gbọ́ ṣe àlàyé rẹ̀. Àwa ka èyí sí iṣẹ́ ńlá rẹ̀ bí ìtumọ̀ Galen ti jẹ́.

Galen fúnra rẹ̀ ṣì í ní ibi púpọ̀. Ní 1543, Vesalius fi hàn pé ara ẹranko ni Galen fi ṣe ìwádìí, kì í ṣe ti ènìyàn, nítorí náà àwọn ohun kan tí ó kọ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ara wa. Ǹjẹ́ Linacre ṣe iṣẹ́ lásán bí? Rárá. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kalẹ̀ láìyí i padà ni ó jẹ́ kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi tí ó ti wọ́.

Èsì wa sí ìbéèrè náà nìyí: a kò ni ìmọ̀, a fi ṣọ́ wa ni. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan kò bá gbọ́ ohun tí a wí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wí pé olódo ni. Ẹ bi ara yín bóyá orí pẹpẹ ni ẹ gbé e sí.